Ta Ni Òfin Ń Bá Sọ̀rọ̀?

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ ní Iléṣà níwájú àwọn oníṣòwò, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò. Mo ti tún un kọ díẹ̀, mo sì ti yọ ibi tí jẹnẹrétọ̀ ti borí ohùn mi kúrò.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọmọ Obòkun, mo kí yín o. Alága ní ogójì ìṣẹ́jú ni mo ní. Agbẹjọ́rò ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi fà á.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde lọ sílé ẹjọ́ ní ìlú yìí, wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá torí pé ó gé igi gẹdú kan lóko bàbá rẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ. Adájọ́ bi í pé ṣé kò mọ̀ pé òfin wà ni. Ọmọ náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, "Olúwa mi, ta ló yẹ kó sọ fún mi?" Gbogbo ilé ẹjọ́ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n bu owó ìtanràn lé e, bàbá rẹ̀ san án, wọ́n gba ilé lọ. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí, mi ò sì tíì gbọ́ ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn sí ìbéèrè ọmọ yẹn.

Ohun tí mo wá sọ kò pọ̀. Gbogbo òfin àtijọ́ ló ní ènìyàn kan nínú, ẹni tí akọ̀wé òfin ń wò lọ́ọ̀ọ́kán nígbà tó ń kọ ọ́. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá òfin kan ṣì bá wa mu, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá ẹni náà kàn. Ta ni? Ṣé ó ṣì wà láyé? Ṣé ó ń gbé Iléṣà? Bí a bá wá a tì, a jẹ́ pé òfin ń bá ẹni tí kò sí nílé sọ̀rọ̀ nìyẹn, àwa tá a wà nílé la sì ń jẹ ẹ̀bi.

Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n fi dá ọmọ onígi lẹ́jọ́ pẹ́ ju àgbà tó dàgbà jù nínú gbọ̀ngàn yìí lọ. Ọdún 1916, nígbà Lugard, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Lugard kọ́ ló sì jókòó kọ ọ́. Samuel Griffith, adájọ́ kan ní Queensland ní ilẹ̀ Australia, ló kọ ìpìlẹ̀ rẹ̀ fún àwọn ará ọ̀hún, wọ́n sì sọ ọ́ dòfin níbẹ̀ ní 1899. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, ká kúkú sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Abala 22 rẹ̀ ló ní àìmọ òfin kì í ṣe àwíjàre. (Òǹkà ìwé ìjọba àpapọ̀ ni mo ń lò, ti ìpínlẹ̀ lè yàtọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò, ẹ má wulẹ̀ nawọ́.)

Ta ni abala 22 ń bá sọ̀rọ̀? Ẹni tó ń gbé ìlú tí ẹ̀ṣẹ̀ kò pọ̀ níbẹ̀ ni. Má pànìyàn, má jalè, má dáná sun ilé onílé. Kò sẹ́ni tó nílò kí wọ́n ka ìwé fún un kó tó mọ ìwọ̀nyí. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ní òun ò mọ̀, irọ́ ló ń pa, ó sì yẹ ká sọ fún un pé irọ́ ló ń pa. Òfin náà tún ní ọgbọ́n mìíràn nínú: bí àìmọ̀ bá ń gba ènìyàn sílẹ̀, gbogbo wa la ó máa fi òwú dí etí. Mi ò bá a jà lórí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí a ti dì lé abala kan ṣoṣo yìí lórí láti ìgbà náà. Ìwé àṣẹ igi, ìwé àṣẹ òwò, òfin owó ilẹ̀ òkèèrè, òfin íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 2015 wọ́n ṣe òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà. Abala 24 inú rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan tó gbòòrò nípa kíkọ ohun tó lè bí ẹlòmíràn nínú sórí ayélujára, wọ́n sì ti fi mú akọ̀ròyìn àti ọ̀dọ́ púpọ̀. Ní 2022, ilé ẹjọ́ ECOWAS ní abala náà tako ìwé àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Áfíríkà. Ní 2024, àwọn aṣòfin tún un kọ. Fún ọdún mẹ́sàn-án, àwọn agbẹjọ́rò àgbà ń jiyàn lórí ohun tí gbólóhùn yẹn túmọ̀ sí, ọmọ tó ń ta káàdì fóònù ní Ẹrẹ́jà sì ti gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n ná. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Àwa la wá di àlejò nílé ara wa, torí òfin náà kò gbọ́ èdè wa, ó sì ní a gbọ́dọ̀ gbọ́ tòun.

Ẹjọ́ kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa fi dán àwọn ọmọ òfin wò, ẹjọ́ Aoko àti Fagbemi, ọdún 1961. Ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ dá obìnrin kan lẹ́bi ìwà ọ̀daràn nítorí àgbèrè. Ilé ẹjọ́ gíga fagi lé e, ó ní kò sí ìwé òfin kankan ní apá ìhín tó sọ pé ọ̀daràn ni alágbèrè, ohun tí a kò bá sì kọ sílẹ̀ a kò gbọ́dọ̀ fi jẹ ẹnikẹ́ni níyà. Inú bí àwọn bàbá kan. Ìlànà ọ̀hún ṣì wà nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa títí di òní, ní abala 36. Ó dára púpọ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n da ìbéèrè rẹ̀ bolẹ̀: bí ohun tí a kò kọ kò bá lè mú mi, ohun tí a kọ tí a kò kà sí mi létí rí ńkọ́?

Òfin fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ní ìhò. Abala 23 nínú ìwé Griffith, tó tẹ̀ lé 22 gan-an, sọ pé bí ènìyàn bá mú nǹkan torí pé ó gbà tọkàntọkàn pé tòun ni, tí kò ní èrò jìbìtì, kò jẹ̀bi. Gbogbo ẹni tó ti gbẹjọ́ kòkó rò ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà mọ abala yìí bí ẹni mowó. Àbúrò bàbá kú, ọmọ ẹ̀gbọ́n lọ ká kòkó, ọmọ àbúrò ní olè ni. Ó lè jẹ́ pé òfin ogún kò fún ọmọ ẹ̀gbọ́n nílẹ̀ rárá, àmọ́ bó bá jẹ́ òótọ́ inú ló fi gbà pé ilẹ̀ bàbá òun ni, a kì í pè é lólè. Kí nìyẹn bí kì í bá ṣe àìmọ òfin? Nítorí náà òfin ti ń foríji àìmọ̀ láti 1916. Níbi ọ̀rọ̀ dúkìá nìkan ló ti jẹ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn mìíràn ti jẹ́wọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní South Africa, nínú ẹjọ́ De Blom ní 1977, ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù sọ pé láyé òde òní tí òfin pọ̀ bí eèrùn, asán ni ká máa ṣe bí ẹni pé gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n tán. Ní Jámánì, bí àṣìṣe nípa òfin bá jẹ́ èyí tí ẹni náà kò lè yẹ̀ rárá, kò jẹ̀bi. Ìlú méjèèjì kò tíì dàrú torí ìyẹn. Ohun tí èmi ń fẹ́ kò tilẹ̀ tó tiwọn. Kí abala 22 wà, ṣùgbọ́n bó bá di òfin ìwé àṣẹ àti ti ìjọba-ní-kí-a-má-ṣe, kí adájọ́ lè béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo kó tó dájọ́: ṣé ọ̀nà wà tí ẹni yìí ì bá fi mọ̀?

Méjì péré sí i nínú ìwé Griffith, kí n tó kúrò níbẹ̀.

Abala 314 ní bí ẹni tí wọ́n ṣe léṣe kò bá kú títí ọdún kan àti ọjọ́ kan fi kọjá, a kò ní ka ẹni tó ṣe é léṣe sí ẹni tó pa á. Nínú òfin Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni wọ́n ti bu èyí. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ ni dókítà ayé ìgbà náà, tí kò lè mọ̀, bí oṣù bá ti gorí oṣù, bóyá kóńdó ló pa ọkùnrin náà ni àbí ibà. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn Wesley lókè yìí lónìí, ẹ bi wọ́n bóyá wọn kò lè sọ ohun tó pa aláìsàn. Iṣẹ́ abẹ àti ẹ̀rọ mímí lè gbé ẹni tí wọ́n fọ́ lórí ró fún ọdún méjì. Nípa báyìí, bí dókítà ṣe ń tiraka tó láti má jẹ̀ẹ́ kó kú, bẹ́ẹ̀ ló ń gba apànìyàn sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tó ni òfin ti pa á rẹ́ ní 1996. Àwa ṣì gbé e sórí bí ẹrù tí onítọ̀hún ti sọ̀, tó sì ti lọ jókòó.

Ìkejì ni abala 327, tó ní ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ tí kò kú yóò lọ ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí òfin yẹn ń bá sọ̀rọ̀ ni ẹni tí ikú kò dẹ́rù bà ṣùgbọ́n tí ẹ̀wọ̀n ọdún kan á dẹ́rù bà. Bẹ́ ẹ bá rí i, ẹ fi í hàn mí.

Kí ẹ má bàa rò pé mo kórìíra Griffith, ibìkan wà tí òun àti àwọn baba wa ti pàdé láìmọ ara wọn. A máa ń sọ pé ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Nínú ìwé yẹn, olè lásán, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, abala 390. Ẹni tó gba ẹrù olè tó sì mọ̀ pé wọ́n jí i ni, ó lè tó ọdún mẹ́rìnlá, abala 427. Èyí, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra fóònù àlòkù lọ́wọ́ ẹni tí kò lè ṣí i, mo rò pé ẹ gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká gba ọjà Atákúńmọ̀sà lọ.

Kí ìwé tó dé, a ti ń fi àmì sọ ẹni tó ni nǹkan. Gbogbo wa la mọ aàlè: ìdì igi ìdáná lẹ́bàá ọ̀nà oko, wọ́n so ṣùkù àgbàdo àti àkísà mọ́ ọn. Kò sí lẹ́tà kankan lára rẹ̀, kò sí òǹtẹ̀ Àbújá, ọmọdé sì mọ̀ pé ẹrù ẹlẹ́rù ni. Ojú ni aàlè ń bá sọ̀rọ̀.

Òfin àmì òwò tiwa, ọdún 1965 ni wọ́n kọ ọ́, 1967 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Inú ti Gẹ̀ẹ́sì ọdún 1938 ni wọ́n ti wò ó kọ. Gẹ̀ẹ́sì ti fi òmíràn rọ́pò tiwọn láti 1994. O máa forúkọ àmì rẹ sílẹ̀, ọdún méje ni wọ́n á kọ́kọ́ fún ọ, lẹ́yìn náà o lè máa sọ ọ́ dọ̀tun fún ọdún mẹ́rìnlá-mẹ́rìnlá. Òdiwọ̀n ẹ̀bi ni pé ṣé oníbàárà lásán, tí kò rántí gbogbo nǹkan tán, lè ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Òdiwọ̀n yẹn dára. Ta wá ni oníbàárà lásán náà? Lójú òfin 1965, ó jọ pé ẹni tó ń kàwé ni.

Ní 2004, ẹjọ́ Ferodo àti Ibeto dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ. Ferodo ń ṣe ohun tí wọ́n ń fi sínú bíréèkì ọkọ̀. Ibeto ń ta tirẹ̀ nínú páálí tí Ferodo ní ó jọ ti àwọn jù, àwọ̀ àti bátànì. Orúkọ tó wà lára páálí méjèèjì kò jọra rárá. Ilé ẹjọ́ ní ọ̀rọ̀ náà, Ferodo, ni wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, àwọ̀ páálí kò sí nínú ohun tí òfin dáàbò bò, Ibeto sì jàre. Bí a bá tẹ̀ lé lẹ́tà òfin, mi ò lè sọ pé wọ́n ṣì í. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó ń ra bíréèkì ní Nàìjíríà. Ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì ni, ọ̀gá rẹ̀ wà lábẹ́ ọkọ̀, ó na ọwọ́ jáde pẹ̀lú owó, ó ní "lọ bá mi ra èyí tó wà nínú páálí pupa yẹn." Páálí lọmọ náà ń wá. Bí òfin kò bá mọ ọmọ iṣẹ́ yìí, kò tíì mọ ọjà wa.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí oníbàárà mi kan, ìyá oníbúrẹ́dì ní ìlú yìí. Ó fi orúkọ ọmọ rẹ̀ àkọ́bí pe búrẹ́dì náà, ó kọ ọ́ gàdàgbà sára ọ̀rá aláwọ̀ ewé. Kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ ọmọ yẹn. "Ẹ fún mi ní aláwọ̀ ewé" ni wọ́n ń wí. Ẹlòmíràn wá ń di búrẹ́dì tirẹ̀ sínú ọ̀rá ewé kan náà pẹ̀lú orúkọ mìíràn, ó sì fi náírà díẹ̀ dín in. Ìyá kò forúkọ nǹkan kan sílẹ̀. Abala 3 òfin 1965 ní ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ kò lè pe ẹjọ́ ìrúfin àmì, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀nà kan sílẹ̀ fún un: ó lè pe ẹni tó ń ta ọjà tirẹ̀ bí ẹni ń ta ti ẹlòmíràn lẹ́jọ́. Láti ìgbà ẹjọ́ Patkun ní 1988, ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ la ti máa ń gbé irú rẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé Òṣogbo, agbẹjọ́rò, ìwé ìbúra, ẹlẹ́rìí tó máa sọ pé wọ́n tan òun jẹ lórí búrẹ́dì. Mo ṣírò owó rẹ̀ fún un. Ó wò mí, ó ní, "Lọ́ọ̀yà, mélòó ni èrè búrẹ́dì kan?" Ó yí ọ̀rá rẹ̀ padà sí pupa. Kò tó oṣù mẹ́ta, ẹnì kejì náà ti yí tirẹ̀ padà.

Ìròyìn ayọ̀ ni pé wọ́n ti tún èyí rò. Òfin ìrọ̀rùn òwò ọdún 2022 yí ìtumọ̀ àmì òwò padà: ìrísí ọjà, ohun tí a dì í sí, àti àkójọ àwọ̀ lè jẹ́ àmì báyìí, iṣẹ́ tí a ń ṣe fúnni sì wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ọjà. Ẹ̀yin oníbúrẹ́dì, ẹ̀yin alágbo inú ìgò, ẹ lọ forúkọ ọ̀rá àti ìgò yín sílẹ̀. Ẹ má dúró de kí wọ́n tó dà á kọ.

Nǹkan kan ṣẹ́kù lọ́jà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Àwọn ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà ní ìlànà kan pé bí orúkọ ọjà rẹ bá ti di orúkọ tí gbogbo ayé ń pe irú ọjà bẹ́ẹ̀, orúkọ náà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Bẹ́ẹ̀ ni aspirin ṣe bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín ní 1921. Wọ́n rò pé orúkọ kan kò lè ṣiṣẹ́ méjì. Ẹ wá síbí. Ìyàwó ilé á rán ọmọ níṣẹ́: "Lọ ra Máàgì wá, Knorr ni kó o rà o." Ọmọ náà kò ní béèrè ìbéèrè kankan. Nínú gbólóhùn kan, Máàgì ti di èròjà ọbẹ̀, síbẹ̀ bó bá wu ìyá náà lọ́la, á ní "Máàgì gan-an ni kó o rà." Orúkọ kan ń ṣe iṣẹ́ méjì, kò sì dà rú mọ́ ẹnikẹ́ni lójú. Bákan náà, ẹni tó bá wọ ilé ọtí ní Iléṣà lálẹ́ tó béèrè Honourable, Trophy tí wọ́n ń pọn ní Omi-Àṣọrọ̀ yìí ni wọ́n á gbé ka iwájú rẹ̀. Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀. Bí ẹjọ́ irú èyí bá dé ilé ẹjọ́ wa lọ́jọ́ kan, mo bẹ àwọn adájọ́ kí wọ́n má lọ ya ti Amẹ́ríkà lò kí wọ́n tó lọ sọ́jà.

Mo dé ibi tí mo ń bọ̀ o. Àṣírí.

Abala 37 ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 sọ pé a dáàbò bo àṣírí àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè, ilé wọn, lẹ́tà wọn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ lórí tẹlifóònù, àti wáyà wọn. Wáyà! Àwọn ọ̀dọ́ ibí ò mọ̀ ọ́n. Bàbá mi gba wáyà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé rẹ̀, ikú ló gbé wá. Ẹni tó wà nínú abala yìí ni baálé ilé kan tó ti ilẹ̀kùn, tó jókòó, tó ń ka lẹ́tà. Òyìnbó ló bí i. Ní 1890, àwọn agbẹjọ́rò Amẹ́ríkà méjì, Warren àti Brandeis, kọ àpilẹ̀kọ kan tó ṣàlàyé ẹ̀tọ́ yìí bí ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n fi ènìyàn sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Àwọn oníwèé ìròyìn àti kámẹ́rà ìgbà náà ló mú wọn kọ ọ́.

Ọmọ ìlú yìí kan ti na ẹsẹ̀ abala 37 kọjá ẹnu ilẹ̀kùn, a kì í sì í sọ ọ́ tó. Ní 2001, ẹjọ́ dókítà kan dé ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ. Aláìsàn rẹ̀ kọ ẹ̀jẹ̀ nítorí ẹ̀sìn, dókítà náà kò fipá fà á sí i lára, obìnrin náà kú, ìgbìmọ̀ àwọn dókítà sì dá dókítà dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà. Adájọ́ Emmanuel Ayọ̀ọlá, tí wọ́n bí ní Iléṣà níbí, ló ka ìdájọ́ àgbà. Ó ní ẹ̀tọ́ àṣírí dé orí èrò ọkàn ènìyàn, ẹ̀rí ọkàn rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀, àti ara rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣe nǹkan kan sí láìgbàṣẹ. Dókítà jàre.

Ṣùgbọ́n ibi tó le jù ni ti ohun tí a ti fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Amẹ́ríkà ní ìlànà kan tó lágbára fún ìgbà pípẹ́: ohun tó o bá ti fínnúfíndọ̀ fún ẹlòmíràn kì í ṣe àṣírí rẹ mọ́. Ìwé báǹkì rẹ, ẹjọ́ Miller, 1976. Nọ́ńbà tó o pè, ẹjọ́ Smith, 1979. Ìgbà tó di 2018, nínú ẹjọ́ Carpenter, àwọn agbófinró ti fi òpó fóònù tọpasẹ̀ ọkùnrin kan fún ọjọ́ 127, àkọsílẹ̀ ibi tó wà sì jẹ́ 12,898 nínú ìwé wọn. Ilé ẹjọ́ wọn tó ga jùlọ ní èyí ti kọjá bẹ́ẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Inú mi dùn, àmọ́ ó yà mí lẹ́nu pé ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó rí i.

Torí pé àwa kò fìgbà kan gbà pé àṣírí túmọ̀ sí kí ènìyàn dá wà. Ta ló dá wà nínú agbo ilé? Ògiri kò ga, etí pọ̀. Síbẹ̀, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí àṣírí wa tú" ni àdúrà tí a ń gbà láàárọ̀ lálẹ́. A tún ní "ènìyàn laṣọ mi." Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: àwọn tó mọ ìhòòhò mi ni aṣọ mi. Lójú wa, nígbà tí mo bá sọ ọ̀rọ̀ mi fún ọ ni àṣírí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ọrùn rẹ ló wà láti ìgbà náà. Ìlànà Miller sọ pé fífún ẹlòmíràn ni òpin àṣírí. Òdìkejì gbáà ni. Bí wọ́n bá ní kí n yan èyí tó bá ayé fóònù mu nínú méjèèjì, agbo ilé ni mo máa mú, torí lónìí kò sẹ́ni tó lè ti ilẹ̀kùn mọ́: báǹkì mọ̀ ọ́, iléeṣẹ́ fóònù mọ̀ ọ́, NIN rẹ wà lọ́wọ́ ìjọba. Kò ṣeé ṣe kí wọ́n má mọ̀. Ohun tó kù ni kí ẹni tó mọ̀ ṣe aṣọ.

Òfin ààbò dátà wa ti 2023 ti rìn dé ibẹ̀ díẹ̀. Ó ní ẹni tó bá kó ọ̀rọ̀ nípa ara ẹnìkan pamọ́ jẹ onítọ̀hún ní ojúṣe ìtọ́jú, kò sì gbọ́dọ̀ lò ó fún ohun tí kò bá ìdí tó fi gbà á mu. Níbi tó ti ṣì ń bá ẹni tí kò sí sọ̀rọ̀ ni ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda, pàápàá bí àwọn oníṣòwò ṣe ń lò ó: ẹni tó ka ojú ewé ogójì lórí fóònù kó tó tẹ "mo gbà." Agbẹjọ́rò ni mí, mi ò kà á rí.

Àwọn áàpù ayánilówó mọ èyí. Ìyá kan yá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lálẹ́ torí ọmọ ń ṣàìsàn, ó tẹ "mo gbà," áàpù sì kó gbogbo nọ́ńbà inú fóònù rẹ̀. Nígbà tí owó pẹ́ díẹ̀, wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí pásítọ̀ rẹ̀, sí àna rẹ̀, sí ọ̀gá ilé ìwé ọmọ rẹ̀, pé oníjìbìtì ni. Ní 2022, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn oníbàárà ṣe ìlànà láti kápá wọn. Àwọn kan ti sinmi, àwọn kan kàn pààrọ̀ orúkọ. Ẹ rántí pé àwa la ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ẹni tí wọ́n bá tú láṣìírí bẹ́ẹ̀, tó wá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kúrò láyé, abala 327 ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ ní ìlú òṣómàáàló ni mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn baba wa gbé aṣọ dé ìlú oníkálukú, wọ́n tà á láwìn, nígbà tí ọjọ́ bá sì pé wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè, wọ́n á ní òṣó ni àwọn máa wà gbowó àwọn. Ìtìjú ni wọ́n ń lò, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ló wá. Ojú rẹ̀ náà wà níta. Oòrùn pa á bó ṣe ń pa onígbèsè. Ìyá àgbà ilé lè gbé omi fún un, kó bẹ̀ ẹ́, kí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ẹnu ọ̀nà kan náà ló sì ti ṣòṣó. Kò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ọgọ́rùn-ún méjì ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, kó sì fojú pamọ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Òṣómàáàló di ẹyin náà lọ́wọ́, ó ń fi í dẹ́rù bani. Áàpù kọ́kọ́ fọ́ ọ ná kó tó béèrè owó.

Mo fi fóònù fúnra rẹ̀ kásẹ̀ nílẹ̀. Láàárín Iléṣà sí Ifẹ̀, a ti rí i tí àwọn tó wọṣọ ìjọba dá ọkọ̀ dúró, tí wọ́n ní kí ọ̀dọ́ ṣí fóònù rẹ̀. Wọ́n á ka ọ̀rọ̀ òun àti ìyá rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ wọ ilé bàbá rẹ̀, wọ́n nílò ìwé. Nínú fóònù yẹn ni ilé rẹ̀ wà, báǹkì, dókítà, ọ̀rẹ́bìnrin, ṣọ́ọ̀ṣì. Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ ní 2014, nínú ẹjọ́ Riley, àwọn adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán pẹ̀lú ẹnu kan, pé bí wọ́n tilẹ̀ ti mú ènìyàn, kí wọ́n gba ìwé àṣẹ kí wọ́n tó tú fóònù rẹ̀. Abala 37 tiwa dárúkọ tẹlifóònù tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò, ìyẹn jẹ́ ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀. Mi ò mọ ohun tẹ́ ẹ ń dúró dè.

Ìbéèrè pọ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀kan ni mo fẹ́ kọ síbí. Màmá kan tó ń ta aṣọ lọ́jà dìde, ó ní ọmọ òun ni òun ń bi ìbéèrè fún, pé ó máa ń gbé fọ́tò àwọn tó jẹ ẹ́ lówó aṣọ sórí status WhatsApp, ṣé ó burú? Mo ní, "Màmá, ó lè kó o sí wàhálà. Oníṣòwò ni, òfin 2023 dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Fọ́tò yẹn, ọ̀rọ̀ aṣọ ló fi gbà á. Kó yọ ọ́ lónìí." Màmá rọ ẹnu. Ó ní, "Ṣé kí ọmọ mi wá lọ máa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà wọn ni?"

Mo ní òfin kan kò tíì ní kó má lóṣòó, bí kò bá ti dí ọ̀nà, tí kò sì wọlé. Kó kàn mú àga ìjókòó dání, torí orúnkún.